Ohun Tí À Ń Jẹ Ni Ó Ń Di Ọ̀ṣọ́

Àwọn àgbà ní oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Wọ́n sì tún ní aṣọ ni èdìdì ènìyàn. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba Ibo Road kọjá ní Sabon Gari, ní ìlú Kánò, yóò rí i pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń jókòó sí. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń dún ní ìta aránṣọ ni ẹlẹ́kọ ń polówó níwájú rẹ̀. Bí oníṣòwò kan ti ń tẹ́ ìró àti gèlè sórí tábìlì ni ọmọdé tí ó ru àwo àgbálùmọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lára ògiri ilé aránṣọ ni a máa ń rí àwòrán àwọn obìnrin tí ó wọ aṣọ ìgbàlódé, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó. Oníbàárà yóò tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn, yóò ní irú rẹ̀ gan-an ni òun fẹ́. Aránṣọ yóò wọn aṣọ, yóò gé e, yóò sì rán an bí ó ti rí i. Ojú àwọn méjèèjì kò kúrò lára ògiri. Kò sí èyí tí ó bojú wo àwo tí ó ń kọjá lọ níta, bẹ́ẹ̀ ni inú irú àwo bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá Yorùbá ti rí ohun tí wọ́n fi dá àrà sí aṣọ tí gbogbo ayé ń yìn títí di òní.

Ìlú tuntun, ojú àtijọ́

Ní nǹkan bí 1911 ni ojú irin dé Kánò. Láti ìgbà náà ni àwọn ará gúúsù ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ lọ síbẹ̀. Akọ̀wé wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ reluwé wà, àwọn tí ń ṣòwò obì àti aṣọ sì pọ̀ pẹ̀lú. Ìjọba àwọn òyìnbó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn odi ìlú, ibẹ̀ ni a sì ń pè ní Sabon Gari, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hausa jẹ́ Ìlú Tuntun. Bí àwọn Hausa náà ti gba Sábó tiwọn ní Ìbàdàn ní 1916 nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà Kánò nígbà náà. Àdúgbò Ayagi tí ó wà nínú odi ìlú jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn ọmọ Yorùbá ti fi ibẹ̀ ṣe ilé tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tó fọn fèrè.

Ibo Road jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpópónà Sabon Gari. Orúkọ ẹ̀yà kan ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n onírúurú ẹ̀yà ni ó ń rìn lórí rẹ̀ tí wọ́n sì ń ná ọjà níbẹ̀. Nítorí náà, ohun jíjẹ tí ó ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ní ọjọ́ kan ṣoṣo kì í ṣe ti ìlú kan. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀, kúlíkúlí àti fúrá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dàbínò àti sobo kò gbẹ́yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá àrà kò lè rí ilé ẹ̀kọ́ tí ó dára ju èyí lọ.

Ẹ̀kọ tí a kì í jẹ

Bí a bá ń wá ẹ̀rí pé láti inú ìkòkò ni ọ̀ṣọ́ ti ń wá, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ó ti wá. Ẹ̀kọ tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹ̀kọ àgbàdo tí a fi ń jẹ àkàrà. Láfún ni, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Àwọn aládìrẹ a máa rò ó lórí iná pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀ títí yóò fi ki, wọn a sì sẹ́ ẹ kí kókó má baà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ti ìyẹ́ adìyẹ tàbí ọwọ́ ìgbálẹ̀ bọ inú rẹ̀, tí wọ́n á sì máa fi ya ọnà sára aṣọ funfun. Bí ó bá gbẹ tán, aṣọ náà yóò lọ sínú àró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí àró yóò fi mu ún dáadáa. Níkẹyìn, wọ́n á ha ẹ̀kọ náà kúrò. Níbi tí oúnjẹ ti wà, àró kò ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni ọnà náà sì ti ń yọ.

Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin náà dá sí iṣẹ́ yìí. Wọn a máa gé ọnà sára páànù pẹlẹbẹ, àwọn obìnrin a sì fi ẹ̀kọ pa á kọjá sórí aṣọ. Lára páànù tí wọ́n kọ́kọ́ lò ni èyí tí àwọn òyìnbó fi ń tẹ́ inú àpótí tíì tí ó ń ti òkè òkun bọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn jẹ tíì inú rẹ̀ tán tí ó sì fẹ́ sọ nù, òun ni ẹni tí ó ní ojú inú sọ di irin iṣẹ́.

Kí òǹkàwé ka àwọn ohun èlò wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan sí i: láfún, ìyẹ́ adìyẹ, ìgbálẹ̀, ìkòkò, eérú àti igi ìdáná. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò sí nínú ilé ìdáná ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe owó ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn fi bẹ̀rẹ̀. Ojú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ilé ni à ń wò

Bí ọnà bá yọ tán, orúkọ ni ó kù. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé náà ni àwọn aládìrẹ sì wò. Ọ̀kan nínú ọnà tí ó lókìkí jùlọ ni ewé ẹ̀gẹ́. Ewé náà nà bí ìka ọwọ́ lórí aṣọ, ìyẹ̀fun tí ó wá láti ara gbòǹgbò irúgbìn kan náà ni a sì fi yà á. Ẹ̀gẹ́ ni a fi ya ẹ̀gẹ́.

Òmíràn tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni Ìbàdàndùn. Nínú rẹ̀ ni a ti rí òpó gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n parí ní 1929. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé òpó nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ṣíbí wà láàárín àwọn òpó náà. Ẹni tí ó ya aṣọ yìí rí ilé ńlá tí ìlú fi ń yangàn, ó sì rí ṣíbí tí ó wà nínú àwo tirẹ̀, ó wá mú méjèèjì dọ́gba lórí ìró kan ṣoṣo. Ní 1935 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, àwòrán ọba àti ayaba bọ́ sórí àdìrẹ. Ohun tí ó bá wà níwájú wọn ní ọdún náà ni wọ́n ń yà. Wọn kò dúró de àwòrán láti ìlú mìíràn.

Àjàgbọn àti sányán

Ẹni tí ó ń gbé Kánò lè sọ pé ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn jìnnà sí òun. Kò jìnnà rárá. Àwọn aṣọ òfì tí Yorùbá ń pè ní aṣọ àgbà kò ṣàì ní ìbátan pẹ̀lú Òkè Ọya. Sányán, aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí oyin tí ó ṣá, ni àwọn ahunṣọ ń hun láti inú òwú tí kòkòrò igbó kan ń pa mọ́ ara rẹ̀. Ìran kòkòrò yìí kan náà ni àwọn ará apá ibì kan ní ẹkùn Oǹdó máa ń jẹ ní àsìkò òjò. Ohun tí ń wọ ẹnu ẹnìkan ni ó ń bo èjìká ẹlòmíràn.

Èdè Hausa jẹ́rìí sí i. Tsamiya ni wọ́n ń pe igi àjàgbọn, tsamiya náà ni wọ́n sì ń pe sányán, nítorí pé orí igi náà ni kòkòrò ọ̀hún ti ń rí ewé jẹ. Obìnrin tí ó ń ta kùnù tsamiya ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Sabon Gari kò mọ̀ pé orúkọ aṣọ ńlá wà lẹ́nu òun bí òun ti ń polówó. Nígbà àtijọ́, àwọn oníṣòwò a máa kó òwú yìí láti Òkè Ọya wá fún àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Yorùbá.

Bákan náà ni ti àlàárì. Òwú pupa rẹ̀ a máa gba aṣálẹ̀ kọjá láti Tripoli, a dé Kánò, a sì máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú àwọn ahunṣọ. Ẹnu Hausa ni orúkọ náà gbà dé ọ̀dọ̀ Yorùbá, láti inú èdè Lárúbáwá. Ẹtù ní tirẹ̀ kò fi orúkọ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: ẹyẹ ẹtù tí à ń pa jẹ ni. Bí ìyẹ́ rẹ̀ ti dúdú tí ó sì ní àmì wínníwínní, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà rí.

Káún inú ìkòkò, káún inú ihò

Kò ju ìrìn díẹ̀ lọ láti Sabon Gari sí Kofar Mata, níbi tí àwọn ihò àró wà, èyí tí a sọ pé wọ́n ti ń lò láti 1498. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé aṣọ ìlú náà ń dé Tripoli ní etí òkun àríwá, ó sì ń dé Timbuktu ní ìwọ̀ oòrùn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin ni ó ń ṣe iṣẹ́ aláró; ní Kofar Mata, ọkùnrin ni. Inú ìkòkò ńlá ni àwọn obìnrin ń re aṣọ sí. Inú ihò jíjìn tí a gbẹ́ sílẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ń re tiwọn sí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú méjèèjì kò jìnnà síra. Irúgbìn tí ń mú àró jáde ni ìpìlẹ̀. Èyí tí Yorùbá ń pè ní èlú, Hausa ń pe tirẹ̀ ní baba. Eérú igi tẹ̀ lé e. Ní Kofar Mata, káún tún wà nínú rẹ̀. Káún tí ìyá ilé ń bù sínú ẹ̀wà kí ó tètè rọ̀, tí ó sì ń bù sínú ewédú kí ó lè yọ̀, irú rẹ̀ ni ó ń bá èlú ṣiṣẹ́ nínú ihò. Bí ọbẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ihò náà: wọ́n á dé e, wọ́n á jẹ́ kí ó kan, wọ́n á sì mọ ọjọ́ tí ó jinná.

Irúgbìn jíjẹ mìíràn tí ó ń kun ọ̀ṣọ́ ní Òkè Ọya ni ọkà bàbà. Èèpo pupa tí ó bo pòròpórò irú rẹ̀ kan, èyí tí Hausa ń pè ní karan dafi, ni àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń sọ awọ ewúrẹ́ di pupa. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó bá rò pé inú ike nìkan ni àwọ̀ ti ń wá.

Ewu tí ó wà níwájú

Nígbà tí èyí ti rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó dé tí ojú àwọn ènìyàn kò kúrò lára ògiri? Ìdí kan ni pé aṣọ títẹ̀ láti òkè òkun ti kún ọjà. Ní Kantin Kwari, ọjà aṣọ ńlá ti Kánò, aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ China wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ọnà àdìrẹ wà lára díẹ̀ nínú wọn. Ìrísí ewé ẹ̀gẹ́ lè wà lórí aṣọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láfún kò kàn án rí. Owó rẹ̀ kéré, nítorí náà ni ó fi ń yá lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà, tí ó sì ń ba ọjà jẹ́ mọ́ aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta àti aláró Kofar Mata lọ́wọ́.

Ìyà yìí kò mọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ní 2007, ilé iṣẹ́ aṣọ United Nigerian Textiles ní Kàdúná ti ìlẹ̀kùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ wọn. Bí ẹ̀rọ ńlá bá lè dákẹ́ báyìí, kí ni a ó sọ nípa obìnrin tí ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya aṣọ kan ní odindi ọjọ́?

Síbẹ̀, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù kì í ṣe owó nìkan. Bí ọmọ tí a bí sí Sabon Gari bá bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá mi, kí ni orúkọ ọnà tí ó wà lára ìró yín?" ta ni ó ṣì lè dá a lóhùn? Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ kò ní orúkọ. Nọ́ńbà ni ó ní. Ọjọ́ tí ọmọ kò bá mọ̀ mọ́ pé ewé ẹ̀gẹ́ ni ó wà lára aṣọ ìyá rẹ̀, tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ó ń rí nínú àwo gàrí nìkan, okùn kan ti já láàárín òun àti ilé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Àrà fún àsìkò kọ̀ọ̀kan

Kì í ṣe pé kí gbogbo aránṣọ Ibo Road di aláró. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n máa wo àsìkò bí àwọn ìyá ti wò ó, kí wọ́n sì mú nínú rẹ̀.

Ní àsìkò ọyẹ́, àgbálùmọ̀ á ti gúúsù wá, àwọn Hausa a sì máa pè é ní agwaluma. Bí a bá fi ọ̀bẹ dá a ní ìbú, ìràwọ̀ ni a ó rí nínú rẹ̀. Ọnà ọrùn bùbá ni Ọlọ́run ti yà sílẹ̀ yẹn. Àwọ̀ èèpo rẹ̀ àti ti kóró rẹ̀ tí ń dán, bí a bá fi ọ̀kan ṣe gèlè tí a sì fi èkejì ṣe ìró, wọn kò lè bára wọn jà. Ní àsìkò yìí kan náà ni sobo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti oko. Ìran ìṣápá tí àwọn ará ilé ń fi ẹ̀gúsí sè ni, ṣùgbọ́n pupa tirẹ̀ jinlẹ̀ dé ibi pé ó fẹ́ẹ̀ di dúdú. Ó tọ́ kí aránṣọ mọ̀ pé àwọ̀ sobo kì í pẹ́ lára aṣọ. Oòrùn àti ọṣẹ á tètè lé e lọ. Kí ó fi ojú rẹ̀ yan òwú àti aṣọ tí ó bá a mu, kí ó má fi omi rẹ̀ re aṣọ oníbàárà. Ẹni tí ó bá fẹ́ àwọ̀ tí yóò dúró díẹ̀, kí ó wo obì, tí àwọn aláró Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti mọ̀ pẹ́.

Nígbà ooru, máńgòrò á gba òpópónà. Ewéko rẹ̀ ń di òféfèé, òféfèé náà ń di pupa ní ẹ̀gbẹ́ kan, láìsí ibi tí a lè tọ́ka sí pé ibí ni ó ti yí padà. Ẹni tí ó bá lè mú aṣọ mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn báyìí kò ní wá oníbàárà tì. Nígbà òjò, àgbàdo tútù á dé. Bí kóró rẹ̀ ti tò lẹ́sẹẹsẹ ni a lè to ìlẹ̀kẹ̀ sí ọwọ́ bùbá.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń ṣe ìpápánu náà ní ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni. Alkaki, ìpápánu aládùn tí àwọn Hausa ń fi àlìkámà ṣe, a máa ká bí ìgbín. Ó jọ ọnà kíká tí àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ ń kọ́ sí àyà agbádá. Dublan tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìyàwó a máa ṣẹ́ po bí òdòdó. Ẹni tí ó bá wo bí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ yóò mọ ọ̀nà tuntun tí a fi lè wé gèlè. Igbá tí àwọn obìnrin Fúlàní fi ń ru wàrà kò yẹ kí a gbàgbé. Fínfín tí ó wà lára rẹ̀ bá ti àwọn onígbá Ọ̀yọ́ tan.

Ẹni tí ó bá sì dá irú àrà bẹ́ẹ̀, kí ó má fi í sílẹ̀ láìní orúkọ. Aṣọ tí ọnà rẹ̀ ti ara àgbálùmọ̀ wá lè jẹ́ Ìràwọ̀ Ọyẹ́. Èyí tí ó ti ara alkaki wá lè jẹ́ Kánòdùn, gẹ́gẹ́ bí Ìbàdàndùn ti jẹ́ ṣáájú rẹ̀. Orúkọ ni yóò mú kí oníbàárà padà wá, òun náà ni yóò sì mú kí ọmọ bèèrè ìtàn.

Àjò ni Kánò jẹ́ fún ọ̀pọ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ilé ni ó jẹ́ fún àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀. Bí àwọn ìyá Abẹ́òkúta ti fi ohun tí ó wà nínú ìkòkò wọn ṣe ọ̀ṣọ́ ayé wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn ará Ibo Road fi ohun tí ó wà nínú àwo tiwọn ṣe. Àwo náà ṣì ń kọjá lórí àwọn ọmọdé ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí aránṣọ dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ dúró díẹ̀, kí ó pe ọmọ náà, kí ó ra àgbálùmọ̀ kan, kí ó sì fi ọ̀bẹ dá a ní ìbú kí ó tó jẹ ẹ́.